Ọjọ́bọ̀ Tí Matilda Ò Wá Sétí Odò

Ọdún tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, tí gbogbo ìlú tò sẹ́nu báńkì bí ìjàlọ, ọdún yẹn náà ni Matilda sọ pé òun fẹ́ kọ ìwé ìtàn. Tíṣà Matilda ti títì Ìbàdàn ni mò ń wí, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó pẹ́ tó fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìjẹ̀bú-Imùsin kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó, ilé wá dá wáí. Ẹni tílé bá dá fún, ohun tó ti sùn nínú ẹ̀ tipẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jí.

Ìtàn wo ló ní òun fẹ́ kọ? Ìtàn ìfẹ́. Kì í wá ṣe ìfẹ́ òde òní tí wọ́n fi ń jó dísíkò o. Ìfẹ́ ayé àwọn baba ńlá wa ni, kí òyìnbó tó dé, nígbà tí Ìjẹ̀bú ń ti ibodè, tí àlejò ò gbọdọ̀ dédé yọjú sáàárín ìlú. Ó mú ọmọbìnrin kan, ó sọ ọ́ ní Efúnyẹlá, ọmọ oníbodè. Ó mú ọmọkùnrin kan láti òkè lọ́hùn-ún, ó sọ ọ́ ní Àjàgbé, ó gbé ẹrù lé e lórí. Ó ní kí wọ́n pàdé, kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ó dùn, àbí kò dùn?

Nùsírátù ló ń kà á fún. Nùsírátù aránṣọ, ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtìgbà èwe, tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà níwájú ilé Matilda gan-an. Ẹnu Nùsírátù yìí, kò ní ilẹ̀kùn. Tó bá ń wa máṣíìnì tó sì ń sọ̀rọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ń yára jù. Matilda á gbé àga wá síbẹ̀ lọ́sàn-án, á fi awò ojú sójú, á máa kà.

"Àjàgbé yọ létí odò," Matilda kà á, "ó ga bí ọ̀pẹ, eyín rẹ̀ funfun bí òwú, ara rẹ̀ ń dán."

Máṣíìnì dúró. "Ibo ló ti ń bọ̀?"

"Ọ̀nà Ìbàdàn."

"Pẹ̀lú ẹrù lórí?"

"Pẹ̀lú ẹrù."

"Ó ru ẹrù láti Ìbàdàn dé Ìjẹ̀bú, kò làágùn?"

"Ìyá Sàúdátù, ìtàn ìfẹ́ ni."

"Ṣé ìfẹ́ kì í làágùn ni? Bàbá Sàúdátù tí mo fẹ́ yìí, tó bá ti oko dé, èèyàn á ti gbóòórùn ẹ̀ kó tó yọ ní kọ̀rọ̀. Mo ṣì fẹ́ ẹ. Ìfẹ́ nìyẹn." Ó tún fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì. "Máa kà á lọ, jàre. Ẹlẹ́yín òwú."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀. Nùsírátù á ní Efúnyẹlá ti ń sunkún láti àárọ̀, ta ló wá ń yan gàrí nílé? Matilda á rẹ́rìn-ín, á padà sílé, á fi gàrí síbẹ̀. Ìwé ń dùn sí i. Àfi ọjọ́ tí wọ́n dé ibi tí Àjàgbé ti lọ.

"Nígbà tó di òwúrọ̀," Matilda kà á, ohùn ẹ̀ sì rẹlẹ̀ díẹ̀, "Efúnyẹlá wá Àjàgbé títí, kò rí i. Ó ti bá tiẹ̀ lọ."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó lọ ni."

"Mo gbọ́ pé ó lọ. Kí ni Efúnyẹlá fi ṣe é?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe é."

"Ṣé oníbodè lé e ni?"

"Rárá."

"Ṣé ó níyàwó nílé?"

"Kò ní."

Nùsírátù bọ́ òrùka ìránṣọ lọ́wọ́, ó gbé e kalẹ̀. "Tíṣà, igi lo kọ yìí, kì í ṣe èèyàn. Ewúrẹ́ tó dìde kúrò lójúkan, ó ní ohun tó rí. Ọkùnrin tó fẹ́ràn obìnrin dénú báyìí, á wá kàn dìde lọ́jọ́ kan bí ẹni tó lọ tọ̀? Ẹni tó bá ra ìwé yìí á sọ ọ́ lù ẹ́."

 Matilda pa ìwé dé, ó ń nu awò ojú ẹ̀ tí ò dọ̀tí. Nùsírátù wò ó, ó tún wò ó.  Ó mọ ẹni tí ọ̀rẹ́ òun ń kọ.

"Háà," ó ní. "Káfíńtà yẹn ni."

Òun náà ni. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Nígbà tí Matilda ṣì wà ní ọmọge, ìjọ tí bàbá ẹ̀ ti jẹ́ àgbà fẹ́ kan òrùlé tuntun, wọ́n wá ránṣẹ́ pe ọ̀gá káfíńtà kan láti Ìkìrun. Ọ̀gá yìí kó àwọn ọmọ iṣẹ́ wá, Simeon sì wà nínú wọn. Ará òkè gidi ni, kò tíì dé Ìjẹ̀bú rí láyé ẹ̀. Matilda ló ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn láti ilé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Simeon jẹ ìkókoré, oúnjẹ ewùrà wa, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè é, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi bu ọ̀gbẹ́ni yìí lẹ́ẹ̀kan sí i." Matilda rẹ́rìn-ín títí igbá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí ẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí òrùlé tó dé ìdajì, wọn ò lè fi ara wọn sílẹ̀ mọ́. Gbogbo ìlú ń pè é ní Matilda. Simeon ló bi í pé kí ni ìyá ẹ̀ máa ń pè é, àtìgbà náà Mosúnmọ́lá ló ń pè é, bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ sẹ́nu.

Bàbá ẹ̀ gbọ́, ó ní òun ò fọmọ fún ará òkè tí òun ò mọ ìdílé ẹ̀. Ló bá ku àbúrò ìyá Matilda tó wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ọkùnrin yẹn nìkan ló lè bá bàbá sọ̀rọ̀ kó gbọ́. Wọ́n wá jọ fẹnu kò pé lọ́jọ́bọ̀, ní kùtùkùtù, àwọn á pàdé lábẹ́ igi ìrókò tó wà létí odò, àwọn á jọ lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́rú nírọ̀lẹ́, agogo dún nígboro. Agẹmọ ń kọjá lọ́la. Ẹ kúkú mọ Agẹmọ, òrìṣà àwọn baba wa, tí obìnrin kan ò gbọdọ̀ fojú kàn. Lọ́jọ́ tó bá ń kọjá, ọkùnrin ló ń rìn. Obìnrin á tilẹ̀kùn mọ́ra ẹ̀ títí wọ́n á fi ní ọ̀nà ti ṣí, ìbáà jẹ́ ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù. Matilda wà nínú yàrá pẹ̀lú ìyá ẹ̀ àtàwọn àbúrò ẹ̀, fèrèsé dí pa, ó ń fi ọkàn ka wákàtí tó ń lọ. Inú ò bí i. Ó ní, ó tán, a máa lọ lọ́la nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, kí ojú tó mọ́ dáadáa, ó ti sáré dé ilé ìjọsìn. Àwọn káfíńtà yòókù ń bọ́jú. Wọ́n ní, "Simeon? Ó ti wọ lọ́rì nírọ̀lẹ́ àná. Ó ní iṣẹ́ ò bá òun lára mu mọ́."

Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Matilda dúró níbẹ̀ tòun ti abọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó yá wọ́n fi í fún tíṣà bíi tiẹ̀, Ernest, ọkọ rere, tí ò fìyà jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, tí gbogbo ìjọ ń kọrin, Matilda á gbójú sókè. Òrùlé yẹn ò jò rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Ẹni tó mọ ìṣó kàn kó má jò, báwo ló ṣe wá fi èèyàn sílẹ̀ sínú òjò báyẹn?

Bí ìwé ṣe dúró nìyẹn. Matilda á kọ ìdí kan, á fà á nù. Ó kọ ọ́ pé ogun ló kó Àjàgbé, Nùsírátù ní irọ́ ni. Ó kọ ọ́ pé àìsàn, Nùsírátù ní aláìsàn wo ló ń sáré lọ láàárọ̀. Nígbà tó yá Matilda ò gbé àga wá mọ́.

Ọlọ́run wá mú ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù Nùsírátù. Susannah lorúkọ ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà ní Ìjagun. Aṣọ ìró àti bùbá ló wá rán. Bí Nùsírátù ṣe ń wọn èjìká ẹ̀ ló ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ibo lẹ ti wá, ta lẹ̀ ń bá gbé.

"Ìkìrun ni wá, mà. Bàbá mi ló wà lọ́dọ̀ mi. Ìyá mi ti kú. Bàbá yìí máa ń yà mí lẹ́nu o. Káfíńtà ni wọ́n, Kàdúná ni wọ́n ti lo ayé wọn. Láti kékeré, tí mo bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti dé Ìjẹ̀bú rí, wọ́n á ní kí n fi Ìjẹ̀bú sílẹ̀. Nígbà tí mo wá ríṣẹ́ síbí, bàbá ló kọ́kọ́ dira."

Òṣùwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Nùsírátù.

"Ọjọ́ Sátidé," Susannah ní, "wọ́n ní kí n mú àwọn lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì kan. Wọn ò wọlé o. Òrùlé ni wọ́n ń wò. Wọ́n fẹ́ padà sílé níparí oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní àwọn ti rí ohun táwọn wá wò."

Ọmọ yẹn ò tíì rékọjá gọ́tà tí Nùsírátù fi ti sọdá, tí ó ń gbá ilẹ̀kùn Matilda gbàgbàgbà. "Tíṣà! Tíṣà! Dìde ńlẹ̀. Igi ẹ ti hu ẹsẹ̀!"

Matilda gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó jókòó. Ó ní òun ò lọ. Kí lòun fẹ́ lọ sọ? Àgbàlagbà tó ń wá ọkùnrin kiri?

"Ta ló ní kó o wá ọkùnrin?" Nùsírátù ní. "Ìwé lò ń kọ. Lọ bi í léèrè fún ìwé."

Ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dìde. Ó wọ aṣọ, ó bọ́ ọ, ó wọ òmíràn. Ó wọ takisí, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìjagun, ó béèrè ilé Susannah. Ọkùnrin arúgbó kan jókòó lábẹ́ máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ó ti hewú, ó ń kan àpótí ìjókòó kékeré kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Ẹ ṣeun," arúgbó dáhùn, kò gbójú sókè. Ó gbé òòlù sókè. Òòlù yẹn ò padà wálẹ̀. "Ẹ tún un kí."

"Kí lẹ fẹ́ kí n tún kí?"

Ó gbé òòlù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ò fẹ́ jí nǹkan. "Mosúnmọ́lá."

Matilda fẹ́rẹ̀ẹ́ yíjú padà. Láti ọjọ́ tí ìyá ẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó pe orúkọ yẹn mọ́. Ó rántí pé ìwé ló gbé òun wá. Ó jókòó, ó gbé báàgì lé orúnkún.

"Ìwé ìtàn kan ni mò ń kọ," ó ní. "Ìtàn ayé àtijọ́. Ọkùnrin kan wà nínú ẹ̀, ó fẹ́ràn ọmọbìnrin kan, ó wá fi í sílẹ̀ láìdágbére. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ní kò jọ èèyàn. Mo wá ní kí n bi ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí."

"Èmi?" Simeon ní. "Èmi ni mo fi èèyàn sílẹ̀?"

"Ta tún ni?"

"Mo dé etí odò lọ́jọ́bọ̀. Ìkùukùu ò tíì ká nílẹ̀. Mo dúró títí oòrùn fi yí. Ẹni tí mò ń dúró dè, kò wá."

Matilda fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Báwo ni màá ṣe wá? Ọjọ́ Agẹmọ!"

"Ọjọ́ kí ni?"

"Agẹmọ ń kọjá lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin wo ló máa jáde?"

Arúgbó ń wò ó. Ó ń wò ó bí ọmọ kíláàsì kìíní tí wọ́n béèrè ìṣirò kíláàsì kẹfà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Agogo dún," Matilda ní. "Lọ́jọ́rú. Gbogbo ìlú gbọ́."

"Orí òrùlé ni mo wà lọ́jọ́rú, mò ń kan páànù. Mo gbọ́ agogo díẹ̀díẹ̀ láàárín òòlù. Mo ní bóyá owó orí ni wọ́n ń kéde." Ó ṣa ìṣó kan nílẹ̀. "Lọ́jọ́ kejì, n ò rí obìnrin kankan lọ́nà. Kódà mo rò ó lọ́kàn pé obìnrin ìlú yìí mà ń pẹ́ jí. Ọkùnrin kan ń kọjá, ó ju ọwọ́ sí mi pé kí n kúrò lójú ọ̀nà. Mo ní ó rí i pé àlejò ni mí, bàbá ẹ ló rán an." Kò pè é ní ẹ̀yin mọ́, òun náà ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀. "Ṣé o rántí ohun tí mo sọ fún ẹ? Mo ní bó o bá wá, ó parí, mo máa bá bàbá ẹ jà títí dé ọ̀run. Bó ò bá wá, mo ti gbọ́ èsì nìyẹn, mi ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu mọ́."

Matilda rántí. Ọ̀rọ̀ eré ló pè é nígbà yẹn, nítorí ó dá a lójú pé òun ń bọ̀.

"O ò wá bi ẹnikẹ́ni léèrè," ó ní.

"Ìwọ náà ò ránṣẹ́ sí mi."

"Mo ní o mọ̀! Ta ni ò mọ Agẹmọ?"

"Ará Ìkìrun," Simeon ní.

 Gbogbo ọdún wọ̀nyí, Matilda ti yẹ ara ẹ̀ wò tọ̀tún tòsì, ó ti wá ẹ̀bi sínú ẹwà ẹ̀, sínú bàbá ẹ̀, sínú ẹnu àwọn elétekéte. Ọjọ́bọ̀ yẹn ò wá sí i lọ́kàn lọ́jọ́ kan. Lójú ẹ̀, ọjọ́ Agẹmọ dà bí alẹ́. Ta ló máa ń ṣàlàyé alẹ́ fún èèyàn?

"Ní Kàdúná," Simeon ní, "tí mo bá gbọ́ ohùn Ìjẹ̀bú lọ́jà, ọ̀nà mìíràn ni mò ń gbà. Ká ní mo dúró bá ọ̀kan ṣoṣo sọ̀rọ̀..." Kò parí ẹ̀. Ó gbé àpótí tó ń kàn, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Kí lo máa wá kọ fún ọkùnrin inú ìwé ẹ?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ṣé o ò lè ní kó dúró di ọjọ́ kejì?"

Matilda wò ó lójú. "Ṣé ìwọ dúró?"

"Rárá."

"Òun náà ò lè dúró nìyẹn."

Ó padà sílé, kò jẹun, ó kọ ọ́. Ó kọ Àjàgbé tí ń dúró létí odò, ojú ọ̀nà tó ṣófo, àlejò tí ìlú ń kígbe sí létí tí ò sì gbọ́. Ó kọ Efúnyẹlá nínú ilé tó dí pa, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ó ń dẹ́rìn-ín pé ọ̀la ò jìnnà. Nígbà tó kà á fún Nùsírátù, máṣíìnì ò ró rárá. Nùsírátù fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú.

"Ó ti wá di èèyàn," ó ní. "Olúwa ṣeun. Òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n èèyàn ni." Ó fọn imú. "Báwo ló ṣe máa parí?"

"Ibi tó parí sí nìyẹn."

"Kò tíì parí. Bàbá yẹn ṣì wà ní Ìjagun."

Ṣùgbọ́n Matilda ò padà lọ sí Ìjagun. Ó ní òun ti lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ tó kàn kì í ṣe tòun. Ó ń retí. Tí takisí bá rọra lójú títì, á yọjú. Tí òòlù bá ń dún lápá ibì kan, á dá ọwọ́ dúró lórí ọbẹ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, oṣù tí Simeon fẹ́ fi padà sílé ti wọlé, kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, agogo dún. Agẹmọ ń kọjá lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, Nùsírátù ti sáré wọ ilé Matilda ní kùtù, kí wọ́n lè jọ tilẹ̀kùn mọ́ra, ó ní òun ò lè dá dákẹ́. Títì Ìbàdàn parọ́rọ́. Kò sí ọjà, kò sí rédíò, kò sí ohùn obìnrin kankan. Ẹsẹ̀ ọkùnrin kan á kọjá, á tún pa lọ́lọ́. Matilda jókòó sínú òkùnkùn ilé, ó ń gbọ́ bí páànù ṣe ń ta nínú oòrùn. Ó ní lọ́kàn ara ẹ̀, bí ọjọ́ yẹn gan-an ló rí.

Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀, kò yá. Ó gun fàráńdà. Nǹkan dún pọ́ lórí símẹ́ńtì, bí ẹni gbé ìjókòó kalẹ̀. Ẹnì kan mí kanlẹ̀, ó jókòó.

Nùsírátù di ẹsẹ̀ Matilda mú. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni," ohùn kan wí láti ìta. "Mosúnmọ́lá, má ṣílẹ̀kùn o."

Matilda ti dìde láìmọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. "Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ ṣí i."

"Èmi náà mọ̀. Mo gbọ́ agogo lánàá. Mo bi èèyàn léèrè."

 Nùsírátù, tí ara ò gbà á, na ọrùn sí ihò kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ tó jẹ́, ó fà á padà kíá.

"Bàbá," ó ní, "báwo lẹ ṣe dé ibí? Kò sí mọ́tò."

"Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, ìyá. Mo sì gbé àpótí dání."

"Láti Ìjagun? Ẹ máa ti làágùn gan-an."

"Mo ti làágùn kọjá sísọ."

"Tíṣà!" Nùsírátù ní. "Kọ ọ́ síbẹ̀!"

Matilda ò kọ nǹkan kan. Ó fa àga ẹ̀ jẹ́jẹ́ títí tó fi kan ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó fi ẹ̀gbẹ́ orí ti pákó. Lódì kejì, ó gbọ́ tí Simeon náà sún àpótí mọ́ ọn.

"Ṣé ó máa pẹ́ kí wọ́n tó ní ọ̀nà ṣí?" Simeon béèrè.

"Ó lè pẹ́."

"Ó dáa," ó ní. "Mo ti jókòó."